Ẹran Tí Ìbídùn Kò Tọrọ

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Gbogbo wa là ń pa á lówe, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ta ló wá mọ ibi tó ti ṣẹ̀ nínú yín? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Màmá Adélọ́dún ti Òkè-Ìgbédè ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò lo pátákó, kò lo ìwé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé fóṣù mẹ́fà, òfin rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: bí o bá ti wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni ṣáá. Wọn ì báà máa gúnyán, wọn ì báà máa jà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tí kò bá fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ ẹran nídìí ìkòkò, omi ọbẹ̀ ni yóò fi jẹyán.

Ìbídùn wà lára wọn. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ di agbẹ̀bí lójú méjèèjì. Ó ń gbọ́ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ o, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ bí òun bá sọ ọ́. Oṣù márùn-ún gbáko, kò fẹnu kan ẹran.

Nídìí kànga, níbi tí òfin kò dé, Àyọ̀ká ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Ìwọ, ta ló fi àgádágodo ti ẹnu rẹ?"

"Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀," ni Ìbídùn dáhùn.

"Ẹ̀kọ́ kẹ̀? Ebi lò ń gbà yẹn!"

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ní kí Màmá mú ọmọ mẹ́ta wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ẹni tó fẹ́ lọ. Àyọ̀ká yára dáhùn, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ó wá ku àyè kan. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó nawọ́, ó ń wojú Màmá. Màmá ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó dé ìkòkò, ó dìde.

Háà! Àyà Ìbídùn já. Ẹran ti lọ. Ṣé iṣẹ́ náà yóò lọ ni? Ó lanu, Gẹ̀ẹ́sì sì tú jáde wúruwùru, èyí tó yẹ kó ṣíwájú ń kẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ó yé gbogbo wọn pé ó fẹ́ lọ, ó fẹ́ máa gbẹ̀bí, ó sì fẹ́ jẹ ẹran pẹ̀lú!

Omi lé lójú Màmá. Ó ṣí ìkòkò, ó bu ẹran tó tóbi jù fún un. Ọjọ́ náà ni Yorùbá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé yẹn.

"Ọmọ mi, ara tù mí o! Ohùn rẹ ni mo ti ń retí látọjọ́ yìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Ìbídùn mí kanlẹ̀, ó jẹ ẹran náà tòun teegun.

Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí ẹni tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, tí ìtìjú tàbí ẹ̀rù kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un. Ìbídùn náà gbẹ̀bí títí ó fi darúgbó, a sì máa pa á fún aboyún tó bá ń fi ìrora pamọ́.