Ẹ̀kúnwọ́ Ọkà Tí Wọ́n Fún Ààrò

Bí ènìyàn bá pàdánù ohun kan tí ó ń sọkún, àwọn ará Ìdí-Àpá a máa wí fún un pé, "Èyí tí iná bá jẹ, ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́ mọ́." Òwe náà a máa rú àlejò lójú. Ìtùnú wo ni ó wà nínú ohun tó ti jóná? Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí.

Opó kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ fi oko ọkà bàbà kan sílẹ̀ fún un, lẹ́bàá àlàpà ilé àwọn baba ńlá ọkọ náà. Bí òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú ni Ọdẹ́jáyí, olórí ọdẹ, lọ bá Baálẹ̀, ó ní igbó ọdẹ ni ilẹ̀ náà.

"Àwọn baba ọkọ rẹ̀ kò gbin nǹkan kan rí," ni ó wí. "Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń pa jẹ bíi tiwa. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́ débẹ̀."

Baálẹ̀ yíjú sí obìnrin náà. "Ìyàwó wa, ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

Gbogbo àgbà tó lè jẹ́rìí ti kú. Bí ilẹ̀ náà bá bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, kò ní ibi tí yóò gbin irúgbìn sí. Ó wá rántí àṣà ilé ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kórè ọkà tuntun, iná ààrò ni wọ́n ń da ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu. Láti ìgbà tó ti di ìyàwó ni ọkà tí ń jóná lásán yìí ti máa ń dùn ún.

"Ààrò ni ẹlẹ́rìí mi, Baba. Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ìdí ààrò àtijọ́ tó wà nínú àlàpà."

Ọdẹ́jáyí bú sẹ́rìn-ín. "Ààrò wá di ẹlẹ́rìí! Ṣé yóò da aṣọ bora wá bá wa ni? Ẹ gbé ọkọ́ fún mi. Èmi fúnra mi ni n ó gbẹ́ ẹ, kí ẹnìkan má baà ju nǹkan sí i."

Ó gbẹ́ ẹ, òógùn bò ó. Eérú jáde, èédú tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni hóró dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yí jáde, kò sí èyí tó jẹrà nínú wọn.

"Èso koríko ni," ni Ọdẹ́jáyí wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Baálẹ̀ gbé hóró kan sí ẹ̀gbẹ́ ọkà bàbà èṣí ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. "Èso koríko a máa tín-ín-rín. Èyí yó bí ọmọ ọwọ́. Ọkà tí a kò gbìn kì í sanra báyìí. Àgbẹ̀ ló ni ààrò yìí."

"Kí ló dé tí kò jẹrà láti ọjọ́ yìí wá?" ni Ọdẹ́jáyí bèèrè.

"Iná ti jẹ ẹ́," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Kí ló kù fún ilẹ̀ láti jẹ? Èyí tí wọ́n jẹ ti lọ. Èyí tí wọ́n kó sínú àká, kòkòrò ti run ún. Èyí tí mo rò pé ó ṣòfò ló dúró dè mí."

"Háà! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi hú ẹlẹ́rìí jáde!" Ọdẹ́jáyí di orí mú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

"Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ," ni Baálẹ̀ wí, "má tíì sọ ọ́ sílẹ̀. Bá ìyàwó wa kọ ebè."

Ẹ̀yìn Ọdẹ́jáyí ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí, níbi tó ti ń kọ ebè, tí àwọn obìnrin ń kí i pé, "Ọdẹ àgbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Nígbà ìkórè, Àwẹ̀ró da ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ sínú iná. Ó ta pàrà-pàrà. Lọ́tẹ̀ yìí kò dùn ún. Ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wí fún ọ ní Ìdí-Àpá pé èyí tí iná bá jẹ, ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́ mọ́, nu omijé rẹ nù.