Kòtò Ọ̀ṣínúbi
Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì ni Ọ̀ṣínúbi, alága káńsù. Kòtò ńlá kan ń ṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀ ní oríta Ìdí-Òro, ló bá ní kí àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ dí i kó tó di ọjọ́ ọjà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á lé gbogbo wọn dànù. Fadérera ọlọ́sàn bi í pé, "Bàbá, ṣé àwa la ni títì ni?" Alága jágbe mọ́ ọn: "Èmi ni mo ni ín! Gbogbo ohun tó wà lójú títì yìí, tèmi ni!" Fadérera kúnlẹ̀, ó ní, "Ó ti yé wa, sà." Kò wá ṣọ́bìrì o. Ọsàn ló ń bó fún àwọn kọ̀ndọ́ ọkọ̀ tó bá dúró, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tó ni kòtò pè é. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, gbogbo ọkọ̀ ló ń pariwo, "Kòtò Ọ̀ṣínúbi, ó wà o!" Ìyá alága pàápàá wọkọ̀, ó gbọ́ ọ. Ni alága bá sáré dé, ó ní: "Ta ló fi orúkọ bàbá mi sọ kòtò?" "Ẹ̀yin lẹ ní tiyín ni, sà," Fadérera dáhùn. "Àbí ká máa pè é ní tèmi?" Ọjọ́ ọjà kò tíì pé tí katakata káńsù fi dé, wọ́n dí kòtò, wọ́n gbẹ́ gọ́tà, wọ́n da ọ̀dà. Alága wá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pa orúkọ náà rẹ́. Fadérera ní, "A ti yí i padà, sà, Títì Ọ̀ṣínúbi ló ń jẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n tí kòtò bá tún yọjú, ẹ mọ ẹnu àwọn kọ̀ndọ́." Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń dá báyìí, alága ti dé oríta nìyẹn, tòun ti bàtà òjò, tí á máa fẹsẹ̀ tẹ ọ̀dà wò.