Ọkọ̀ Tí Wọ́n Kùn Lẹ́ẹ̀kan Péré

Ìyá Ẹ̀bùnolú, ẹ gbọ́ ìtàn kan: ọkùnrin apẹja kan wà tí ó ń gbé ní abúlé orí omi, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ lọ sí ilé ìwé, sí ọjà, àní sí ilé aládùúgbò. Ìyá rẹ̀ arúgbó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún ní ọmọ méjì tí wọ́n ti ń bàlágà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ẹnu wọn sì mú bí abẹ.

Nígbà tí ó ra ọkọ̀ tuntun fún ilé rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ náà fà á gòkè sórí iyanrìn. Wọ́n fi òwú dí ibi tí pákó ti pàdé, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kun ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò dùn ún ṣe. Ọ̀dà gbígbóná ń ta sí wọn lára, apá ń dùn wọ́n, òórùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè jẹun alẹ́. Kí wọ́n má bàa ráhùn, bàbá wọn ní, "Ẹ fara dà á. Tí a bá ti kùn ún báyìí, ó parí nìyẹn, kò ní jò mọ́ láé."

Gbogbo apẹja ló mọ̀ pé ọ̀dà kì í bá ọkọ̀ kalẹ́. Omi iyọ̀ a máa jẹ ẹ́, oòrùn a sì máa sán an. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fa ọkọ̀ gòkè láti tún un kùn. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ dákẹ́ ni.

Nígbà tí ọdún yípo, ó ní kí wọ́n fa ọkọ̀ gòkè.

Èyí ọkùnrin ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ní ó ti parí?"

Èyí obìnrin ní, "Tó bá tiẹ̀ jò, a ó gbọ́n omi rẹ̀ dànù. Àbí a ò mọ omi í wẹ̀ ni?"

Bàbá gbaná jẹ. Ó ní olórí kunkun ni wọ́n, ó ní omi yóò gbé wọn lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, omi kò sì tíì gbé ẹnì kankan lọ nínú ẹgbẹ́ wọn. Bàbá bá ìbínú lọ sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Òjò dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn ọmọ náà ń fi ọkọ̀ gbé ìyá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ń gbọ́n ọn, ó ń pọ̀ sí i. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí arúgbó náà tó jókòó sínú omi, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Ó kàn ń wò wọ́n.

Èyí obìnrin bú sẹ́kún. "Ìyá àgbà ò mọ omi í wẹ̀!" Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò rò ó rí.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ọkọ̀ mìíràn ń kọjá, wọ́n sì gbé arúgbó náà sínú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́ kí ó tó dìde. Lọ́jọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà, àwọn ọmọ fúnra wọn fa ọkọ̀ gòkè láìsí ẹni tó rán wọn. Bàbá bá wọn níbẹ̀, òun náà mú búrọ́ọ̀ṣì.

Èyí ọkùnrin ní, "Bàbá, ká ní ẹ ti sọ fún wa pé nítorí ìyá àgbà ni, à bá ti kùn ún tipẹ́."

Ìyá Ẹ̀bùnolú, ẹ wá fi ẹjọ́ ọmọ yín sùn mí pé ó kọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti àfikún nínú àjàkálẹ̀ àrùn yìí. Ẹ̀yin ni ẹ sọ fún un nígbà àkọ́kọ́ pé tó bá ti gbà á, ó parí. Ẹ wá ń fi ikú dẹ́rù bà á, bẹ́ẹ̀ ó ń rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí àrùn náà mú, tí wọ́n wúkọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì padà sídìí bọ́ọ̀lù. Báwo ni yóò ṣe gbà yín gbọ́?

Ẹ lọ bá a lónìí. Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà yẹn, pé agbára abẹ́rẹ́ náà a máa dín kù. Ẹ dárúkọ bàbá yín fún un, tí èémí kì í fi bẹ́ẹ̀ já gaara mọ́, tí ó jẹ́ pé òun ọmọ yìí ló ń gbé oúnjẹ wọlé tọ̀ ọ́, tí ó sì lè kó àrùn náà bá a. Tó bá sì gbà, kí ẹ jọ lọ, nítorí mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà kò tíì gba tiyín.