Eré Ṣáájú Oúnjẹ Nílé Ìyá Àwẹ̀ró

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ ti dé o!

Kó wọlé, à ń retí rẹ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yí wọ inú igbó, kò yí wọ inú odò, àfi gbì lórí Ìjàpá, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn mẹ́rin. Ta ló mọ ohun tó ń yí gbirigbiri láàárín àgbàlá, tó sì ń sunkún? Ẹ má dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ṣáájú mi, òun ni yóò parí àlọ́ náà.

Láyé àtijọ́, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìyá Àwẹ̀ró. Òun nìkan ló ń dá gbé, nítorí Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lọ sílé ọkọ ní ìlú kejì. Ẹran ọ̀sìn mẹ́rin ló wá fi ṣe ọmọ: Ajá, Ológbò, Adìyẹ àti Ewúrẹ́. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń bá wọn ṣeré, àfi bíi pé òun ló bí wọn.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé Àwẹ̀ró ti bímọ. Ta ni yóò máa wẹ ìkókó bí kò ṣe ìyá àgbà? Ó di dandan kí Ìyá Àwẹ̀ró lọ, kó sì lo oṣù kan gbáko lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Nígbà kan tó lọ síbi ìnáwó fún ọjọ́ mẹ́ta péré, àárò sọ àwọn ẹran rẹ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká. Ajá gbó títí ohùn rẹ̀ fi há. Ológbò kó lọ sílé aládùúgbò. Adìyẹ fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, kò sàba mọ́. Ewúrẹ́ jẹ ìró ìyá tán, ó tún fi gèlè panu.

Ìjàpá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ló bá dé.

"Ìyá, ẹ kú ewu ọmọ o! Ta ló máa wá dúró ti àwọn wọ̀nyí?"

"Ohun tí mò ń rò nìyẹn, Ìjàpá. Oúnjẹ wọn wà nínú àká, ìyẹn ò ṣòro. Ẹni tó máa bá wọn ṣeré ni mò ń wá."

"Eré kẹ̀? Èmi tí wọ́n fi eré bí!"

"Ó dáa. Bí mo bá dé tí inú wọn ń dùn, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà kan ni tìẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá ẹyọ kan nínú wọn tó fajú ro, mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ ládùúgbò yìí mọ́."

"Ẹ máa lọ, Ìyá. Ẹ bá mi kí ìkókó."

Ẹ wò ó o, odindi apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà, kò tó Ìjàpá! Oúnjẹ inú àká ni ojú rẹ̀ wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó oúnjẹ jáde: eegun Ajá, orí ẹja Ológbò, àgbàdo Adìyẹ, èèpo iṣu Ewúrẹ́. Bí wọ́n ṣe sáré dé, ló bá na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná! Ìyá fi òfin kan sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kò gbọdọ̀ jẹun láì kọ́kọ́ ṣeré."

"Eré wo?" Ajá bi í, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Olè kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn. Mú un, kí o wá jẹun."

Ajá bojú wẹ̀yìn, ó rí ìrù ara rẹ̀, ló bá gbá tẹ̀ lé e. Ìjàpá sọ fún Ológbò pé kó ju orí ẹja sókè kó sì hán an nígbà méje kó tó jẹ ẹ́. Ó sọ fún Adìyẹ pé àgbàdo tó dùn jù wà nísàlẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ walẹ̀. Ó ní kí Ewúrẹ́ dijú, kó máa fi ẹnu òfìfo jẹun, pé bó bá jẹ ẹ́ pẹ́ tó, èèpo iṣu yóò di ìlọ́po méjì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ orin:

Ajá, lé e lọ! — Yípo yípo.
Ológbò, jù ú sókè! — Yípo yípo.
Adìyẹ, walẹ̀ sí i! — Yípo yípo.
Ewúrẹ́, má lajú o! — Yípo yípo.
Eré kò tíì tán o! — Yípo yípo.

Òòyì kọ́ Ajá, ó ṣubú. Ìjàpá gbé eegun. Ológbò ju orí ẹja lẹ́ẹ̀keje. Ẹnu Ìjàpá ló bọ́ sí. Adìyẹ ń walẹ̀, àgbàdo ń fò lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn gan-an ni Ìjàpá jókòó sí, ó ń ṣà á jẹ. Ti Ewúrẹ́ ló rọrùn jù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ méje. Eré ń dùn mọ́ wọn, ebi sì ń pa wọ́n. Àwọn náà ń rù, Ìjàpá ń sanra, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ inú ìkarahun mọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, eṣinṣin kan bà lé ìpéǹpéjú Ewúrẹ́. Ó la ojú kan. Kí ló rí? Orí Ìjàpá nínú abọ́ rẹ̀! Ó tún ojú náà dì, ó ń fi ẹnu òfìfo jẹun lọ, ṣùgbọ́n inú ń bí i burúkú. Nígbà tí Ìjàpá lọ na ẹ̀yìn, Ewúrẹ́ pe àwọn yòókù, ó rò ó fún wọn.

Nígbà tó di òwúrọ̀, Ewúrẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá, ó ku ẹnì kan tí kò tíì ṣeré."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣé inú ilé yìí kọ́ lẹ ń gbé ni? Òfin Ìyá ni o."

"Èmi? Èmi ò mọ eré kankan."

"Àwa mọ ọ̀kan," ni Ajá wí, ló bá fi imú tì í. Gbirigbiri! Ológbò fi ọwọ́ gbá a padà. Ewúrẹ́ kàn án, gbì! Ìjàpá yọ orí láti kígbe, Adìyẹ sọ ọ́ ní ṣóńṣó imú, orí padà sínú. Bí ẹni méjì bá ń ṣeré, ẹni méjì á máa jẹun. Bí wọ́n ṣe lo ìyókù oṣù náà nìyẹn, ara wọn ń dán, ojú wọn ń tàn.

Ìyá Àwẹ̀ró dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bá àwọn ẹran rẹ̀ tí wọ́n ń fò sókè, Ìjàpá sì ń yí lọ yí bọ̀ láàárín wọn.

"Ìjàpá, ṣé eré lẹ ń ṣe ni, àbí ìjà?"

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ Ìjàpá. Bó bá ní ìjà ni, ìyá á bi í léèrè ohun tó fà á.

"Eré ni, Ìyá."

"Ó ń dùn mọ́ ọ?"

"Ó... ó ń dùn gan-an ni, Ìyá."

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú ìyá. "Ọjọ́ tí mo ti ń sìn wọ́n, n kò tíì rí eré kan tó tẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́rùn pọ̀. O ò ní lọ mọ́, Ìjàpá! Ọ̀dọ̀ mi lo máa gbé. Ẹ̀pà rẹ nìyí, jókòó kí o jẹun."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà síwájú rẹ̀. Ìjàpá na ọrùn, ó la ẹnu. Ewúrẹ́ rọra wúkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ ò tíì ṣeré."

Gbì!

Ìdí nìyẹn tí ajá fi ń lé ìrù ara rẹ̀, tí ológbò fi ń fi eku ṣeré kó tó jẹ ẹ́, tí adìyẹ fi ń walẹ̀ lórí òkìtì àgbàdo, tí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sì ń fi ẹnu òfìfo jẹun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fọwọ́ kan Ìjàpá báyìí, á fa orí wọlé kíá. Ó rò pé ẹ wá ṣeré ni.

Àlọ́ mi yí títí, ó ti dúró. Bí mo bá purọ́, kí ewúrẹ́ jẹ gèlè orí mi yìí. Bí n kò bá sì purọ́, ẹ dìde, ẹ lọ kó adìyẹ wọlé!