Bí Mo Ṣe Wọ Òkun Inú Gíláàsì Lọ Dẹ Ekòló

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ yí mi ká bí ààrò ti ń yí iná ká, mo kí yín o. Ẹ̀yin àgbà tí orí yín funfun bí òwú tó là, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orúnkún yín kò tíì máa dún bí ilẹ̀kùn tí epo tán lára rẹ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọn ọmọ, ẹ kò ní fi ẹkún tú ọ̀já. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ bíbí Ìdó-Àgbọ̀nrín, ìlú tí afẹ́fẹ́ ti máa ń gbé òórùn ewé tútù wọlé kí oòrùn tó yọ. Mo ti dẹ igbó títí igbó fi mọ orúkọ mi, mo ti bá ẹfọ̀n sọ̀rọ̀ tí òun náà dá mi lóhùn, mo sì ti bá ọ̀kẹ́rẹ́ pín àkàrà jẹ lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí mo fẹ́ sọ yìí, inú yàrá ni mo ti rìn ín, n kò sì tíì rin èyí tó jìn tó o láyé mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Ọmọyájowó, apẹja ni, ọmọ etí òkun. Bí mo bá pa ẹtu, n óò fi itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí òun bá kó àwọ̀n, yóò fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú rẹ̀ bí eku ti ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn, tó ń jẹ ẹ́ tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, títí ilé Ọmọyájowó fi wó sínú omi, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ sì tú káàkiri. Ọmọbìnrin rẹ̀, Iyùnadé, gbé e wá sí ilé tirẹ̀ ní òkè, níbi tí ènìyàn kò ti lè gbọ́ ìró ìgbì. Ẹsẹ̀ bàbá kò gbé e mọ́. Ó kọ ojú sí ògiri, kò jẹ, kò mu.

Iyùnadé kò sunkún. Ó kan àpótí gíláàsì kan tó gùn tó ibùsùn, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun, ó fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi iyọ̀ wálé, ó kó òkúta òkun, ó kó ẹja wẹ́wẹ́, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú rẹ̀ tí ń ru omi náà sókè bí ìgbì. Ó tún wẹ̀ lọ síbi tí ilé wọn rì sí, ó gbé òkúta ẹnu ọ̀nà ilé náà jáde, òkúta tí baba ńlá wọn ń jókòó lé tún àwọ̀n ṣe. Ìkarahun àti koríko òkun ti bò ó. Ó gbé e sí àárín àpótí. Ọjọ́ náà ni bàbá yí ojú kúrò lára ògiri tó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ wá. Ó ní, “Ọmọ mi, bí òkun yìí bá wà, mo wà. Bí ó bá kú, ẹ má wulẹ̀ pe dókítà.”

Nígbà tó yá, iṣẹ́ dé sí mi láti ọ̀dọ̀ Iyùnadé: “Bàbá mi Ọdẹ, ekòló ti wọ òkun Bàbá. Ẹja ń dín. Bàbá ti tún ń wo ògiri.” Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo lọ.

Bí Ọmọyájowó ti rí mi, ó ní, “Ajẹran-gbígbẹ! Ìbọn lo gbé wá síbi omi? Ṣé ẹja ni yóò sá ètù rẹ fún ọ?”

Mo ní, “Ìwọ tí o gbé òkun sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ìbọn mi ló wá yà ọ́ lẹ́nu?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí gíláàsì, ó ní, “Àwọn tó kù nìyẹn.” Ẹja kéékèèké díẹ̀ ń sápamọ́, ọ̀kan ṣoṣo tó tóbi ló ń lúwẹ̀ẹ́, ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó gbó lórí igi. Arẹwà ni ó ń pè é.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni ará ìlú wọn kan, Ìyá Ẹbúnolú, wọlé. Kí ó tó kí wa, ó ti ju edé gbígbẹ sínú omi, ó ní, “Ẹ jẹun o, ẹ̀yin ọmọ òkun.” Àṣà wọn ni. Ní ìlú tí òkun gbé lọ yìí, àlejò kì í mu omi nílé ẹni kí ó tó bọ́ ohun ẹlẹ́mìí tó wà nílé náà, ìbáà ṣe ajá, ìbáà ṣe adìyẹ, torí apẹja lè lọ kí ó má bọ̀, ẹni tó bá yà nílé rẹ̀ ni yóò bá a bọ́ ohun tó fi sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń wá kí bàbá, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń ju nǹkan sí i. Èmi náà bu edé, mo wọ́n ọn.

Ẹ gbọ́, mo ní ìkarahun ìgbín kan tí arúgbó ọká kan fún mi nígbà tí mo yọ eegun lọ́fun rẹ̀. Ẹni tó bá fi í mu omi yóò kéré tó ìka ọmọ ọwọ́, odò kankan kò sì ní lè pa á. Ìgbà tó bá pe orúkọ ìyá rẹ̀ ni yóò tó ga padà. Mo fi ìbọn ti ògiri, mo mú àdá àti okùn ìdẹkùn. Iyùnadé fi aṣọ dúdú bo àpótí náà lọ́sàn-án gangan, torí ó ti ṣàkíyèsí pé inú òkùnkùn ni àwọn ekòló náà máa ń jáde.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n o. Irun ara wọn burú ju wèrèpè lọ. Ọwọ́ mi wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.”

Mo ní, “Ọmọ mi, ọwọ́ tó ti gbá ẹkùn létí, kí ni ekòló máa fi í ṣe?” Mo mu omi, mo bẹ́ sínú òkun.

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, igbó wà nísàlẹ̀ omi. Òkúta ga bí òkè, koríko ń mì jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí ọ̀pẹ bá ń gba afẹ́fẹ́. N kò tíì rìn jìnnà tí àwọn ekòló fi ń yọ jáde láti inú ihò, pupa bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹsẹ̀ wọn pọ̀ bí ti ọ̀kùn, irun funfun gùn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fi ọwọ́ gbá ọ̀kan mú, irun náà wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ké bí ewúrẹ́. Mo bínú, mo fa àdá yọ, mo gé e sí méjì; méjèèjì kí ara wọn, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Mo gé wọn títí apá fi ro mí, bí mo sì ti ń gé wọn ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

Arúgbó kan láàárín wọn gbé orí sókè, ó ní, “Ọdẹ Ìdó-Àgbọ̀nrín, ṣé bí ẹ ṣe ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀ fún yín nìyí?”

Mo ní, “Agbálẹ̀ wo? Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ẹja Ọmọyájowó?”

“Wo ẹnu mi dáadáa. Ṣé ẹnu yìí lè pa ẹja?”

Mo wò ó, ẹnu náà rọ̀ bí ti ọmọ tuntun. Ó mú mi lọ sẹ́yìn òkúta. Edé jíjẹrà wà níbẹ̀, àti bisikíìtì tó ti di ẹrẹ̀, òkìtì rẹ̀ ga jù mí lọ, òórùn rẹ̀ sì ń le bọ̀.

Arúgbó náà ní, “Ohun tí ẹja wọ̀nyí lè jẹ kò kún ọwọ́ ọmọdé. Oúnjẹ àsè ìgbéyàwó ni ẹ ń dà lé wọn lórí. A jẹ, a bí. A bí, a jẹ. Bí o bá pa wá tán lónìí tí ọwọ́ yín kò dúró, ìdọ̀tí yóò pa omi, omi yóò pa ẹja. Bí ọwọ́ yín bá dúró, àwa fúnra wa yóò dín.”

Ojú tì mí. Mo ní, “Ta wá ló ń pa ẹja?”

Arúgbó náà rẹ ohùn sílẹ̀: “Èyí tó wà nínú òkúta ẹnu ọ̀nà ni. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì náà ló ń gbé.”

Mo dẹ okùn mi sí ẹnu ihò tó wà nínú òkúta náà, mo fi edé kan sí àárín rẹ̀, mo lúgọ. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni orí kan yọ, ara rẹ̀ ń dán bí òṣùmàrè, ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ó wò mí láìbẹ̀rù, ó ní, “Káàbọ̀, àlejò. Kí lo mú wá fún mi?”

Mo ní, “Ìwọ ta ni mo fẹ́ mú nǹkan wá fún?”

“Kò sí ẹni tó wọlé yìí tí kì í bọ́ mi. Tínrín bí òwú ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé òkúta mi dé. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ òkun, wọ́n ń ní kí n jẹun. Ní ọjọ́ tí oúnjẹ bá pẹ́, mo máa ń mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi.”

Ó na ọrùn sí edé, mo fa okùn, ó há! Ó jà, omi dàrú, mo gbé àdá sókè láti bẹ́ ẹ lórí bí àwa ọdẹ ti ń ṣe, kí n lè gbé orí náà lọ fi han ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Arúgbó ekòló pariwo, “Má gé e! Ìyókù tó bá ṣẹ́kù sínú òkúta yóò hu orí mìíràn!” Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo sọ àdá kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè pe orúkọ ìyá mi, torí bí mo bá ga nínú gíláàsì, òkun tán nìyẹn. Mo fi ọwọ́ kan di okùn mú, mo fi èkejì lu gíláàsì gbì gbì gbì. Iyùnadé ká aṣọ kúrò.

Mo ké sí bàbá rẹ̀: “Ọmọyájowó, inú òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ ló wà! Àfi kí a gbé òkúta náà jáde, kí a rì í bọ omi òjò tí kò níyọ̀ kí ẹranko náà lè tú síta. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó wà láàyè lára òkúta náà yóò kú, kò sì ní padà sínú òkun yìí mọ́.”

Iyùnadé wo bàbá rẹ̀. Kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan.

Bàbá ní, “Òkúta yẹn nìkan ló kù nínú ilé mi.”

Ní àkókò yìí Arẹwà ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, kò fura, ẹlẹ́nu ẹ̀mú náà sì ń na ara dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí okùn mi ti ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọyájowó rí i. Omi lé sí i lójú. Ó ní, “Ilé tó ń jẹ ọmọ kì í ṣe ilé mọ́. Gbé e, Iyùnadé.”

Iyùnadé fi aṣọ wé ọwọ́, ó gbé òkúta jáde, èmi náà rọ̀ mọ́ okùn, ó di inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi òjò. Ẹranko náà tú síta, ó ń tú, ó ń tú, gígùn rẹ̀ ju apá ènìyàn méjèèjì tí a nà lọ. Kò bú wa. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni, “Ẹ̀yin náà ni ẹ bọ́ mi,” ó sì dákẹ́. Mo fò sílẹ̀, mo pe Àdùkẹ́ ìyá mi, mo ga padà, omi ń kán lára mi.

Mo sọ ọ̀rọ̀ arúgbó ekòló fún wọn. Èyí tilẹ̀ wá dun Ọmọyájowó ju òkúta lọ. Ó ní, “Ọdẹ, ṣé kí àwọn èèyàn mi máa wọlé mi lọ́wọ́ òfo? Àṣà yẹn ló kù tí òkun kò rí gbé.”

Iyùnadé ló dáhùn. Ó ní, “Bàbá, ojoojúmọ́ ni afẹ́fẹ́ ń mu nínú omi yìí tí iyọ̀ ń ṣẹ́kù, èmi ni mò ń bu omi tí kò níyọ̀ dí i. Omi ni kí wọ́n máa gbé wá. Èmi nìkan ni kí n máa bọ́ ẹja.”

Bàbá rò ó títí. Ó ní, “Ta ní jẹ́ sọ pé omi kì í ṣe oúnjẹ ọmọ òkun?”

Ẹnu ọ̀nà Iyùnadé ni wọ́n gbé òkúta náà sí nígbà tó gbẹ, wọ́n gbé ìkòkò lé e, ẹni tó bá sì wọlé yóò da ife omi òjò kan sínú rẹ̀ kí ó tó jókòó. Iyùnadé ń bù nínú ìkòkò náà sí òkun dé ojú àmì tó fà sára gíláàsì. Àwọn ekòló agbálẹ̀ dín bí arúgbó wọn ti wí. Arẹwà yé ẹyin. Nígbà tí ọjọ́ Ọmọyájowó pé, tí ó lọ, mo wà níbẹ̀. Kì í ṣe ògiri ni ojú rẹ̀ kọ sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oore tí kò mọ ìwọ̀n, ọ̀tá ló ń jẹ ẹ́ sanra. Bí nǹkan bá ń kú nínú ilé yín, ẹ má kọ́kọ́ gbé àdá lé ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ tó ń bọ́ni, ẹ sì wo inú òkúta tí ẹ fẹ́ràn jù. Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi ń lọ gbé àpò mi kọ́. Kí ilẹ̀kùn yín máa rí àlejò rere, kí omi inú ìkòkò yín má gbẹ. Ó dàbọ̀ o.