Àdìgún Gba Àgbo, Ó Fi Ẹbọ Sílẹ̀

Ẹnu Ìyá Fátọ́lá, ìyánífá Ìràgbìjí, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Ẹ fetí sí i.

Okùn-já-a-mọ̀-pé-ẹran-kò-sùn, Ẹni-tó-ń-ṣọ́-ọ-ló-sùn, àwọn ló dífá fún Àdìgún akọ̀pẹ, tó sanra títí tí ọ̀pẹ fi kọ̀ ọ́.

Orí ọ̀pẹ ni oúnjẹ ilé rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ebi Àdìgún kì í sùn. Bó bá jẹun tán, ojú rẹ̀ á tún wà nínú abọ́ Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Bó bá rìn dé ìdí ọ̀pẹ, èémí rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àwọn awo ní kó rúbọ: iṣu, epo àti àgbébọ̀ adìẹ. Wọ́n ní kó máa bu ìdajì oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n sì fún un ní àgbo tí yóò máa mu láràárọ̀.

"Àgbo yìí yóò so ebi rẹ mọ́lẹ̀. Kò ní í pa á. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, kọ́kọ́ wá bá wa."

Àdìgún gba àgbo, ó fi ẹbọ sílẹ̀.

Àgbo náà jẹ́. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Ikùn rẹ̀ fà, ó sì ń gun ọ̀pẹ bí ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, níbi tí àwọn akọ̀pẹ ti ń sinmi, Oyèwùmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí kèrègbè àgbo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àdìgún, oyún yìí ti tó oṣù mélòó, tó o fi ń mu àgbo láràárọ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àdìgún. Ó délé, ó da àgbo nù.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, ṣé ẹ ti sọ fún àwọn awo?"

"Kí ni n ó sọ? Ṣé o rí ikùn lára mi ni?"

Lóòótọ́, ikùn kò sí. Ebi ló wà níbẹ̀. Kò pẹ́, ó jí. Àdìgún jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti Àwẹ̀ró, ó fi ìka họ ìdí ìkòkò. Ẹran ara tó lọ padà wá, kò sì dá wá. Òùngbẹ tẹ̀ lé e. Èèrà ń ṣù bo ibi tó bá tọ̀ sí. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀gún ọ̀pẹ gún un lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Egbò náà kò jinná. Ó dúdú, ó ń rùn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn awo. Èyí àgbà wo ẹsẹ̀ náà títí.

"Àdìgún, bó o bá dé orí ọ̀pẹ, ṣé o máa ń tú igbà tó so ìdí rẹ mọ́ ọ̀pẹ sílẹ̀ pé o ti dókè?"

"Rárá o, màá já bọ́."

Wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ yóò dúró bó bá rúbọ. Ẹsẹ̀ yẹn ní tirẹ̀ kò ní í gun ọ̀pẹ mọ́ láé. Ó rúbọ, ó padà sídìí àgbo, ẹ̀mí rẹ̀ sì dúró.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó gba oògùn tó kọ ìmọ̀ràn, ìdajì ìwòsàn ló gbé lọ sílé. Ẹni tó rúbọ tó sì gbọ́ràn, òun ni ire ń bá kalẹ́.

Lọ́jọ́ ẹbọ náà, Àwẹ̀ró ló gbé e lọ sí oríta, nítorí ọkọ rẹ̀ kò lè rìn. Bí ẹni tó gbé ẹbọ bá wẹ̀yìn, àìsàn á tẹ̀ lé e padà wálé. Ẹ̀rù ba Àdìgún lórí ẹní tó wà.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o!"

Ó gbọ́. Ó ń lọ, kò wẹ̀yìn.