Àwòrán Ìyá Bámgbélú

Oníbúrẹ́dì ni Fadérera ní ìlú Ìgbó-Ọlà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kó búrẹ́dì kúrò nínú ààrò tán, ìdí ọ̀dà olóròóró ni ẹ ó ti bá a. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ojú èèyàn ni ó máa ń kùn sórí aṣọ tí ó nà mọ́ férémù, ó sì ń fi wọ́n ta àwọn ará àdúgbò lọ́rẹ. Akíntáyọ̀ ọkọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní ọ̀dà ń jẹ èrè búrẹ́dì, àti pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ra àwòrán kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọdún tó yí, òun yóò kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Ìyá Bámgbélú, arúgbó àdúgbò wọn, fi kú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó rí Bámgbélú lọ́dọ̀ ìyá yìí rí? Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí! Ó ní lọ́rì, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òjò sì ń rọ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí lábẹ́ páànù tó ti jẹrà. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá náà ń jókòó sí, tí ń wo títì bóyá ọmọ òun ń bọ̀. Ó kú tán, ọmọ fa màlúù dé. Ó ní kí Fadérera kun àwòrán ìyá òun tí wọn yóò gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ ogójì, inú Fadérera sì dùn pé òun ti rí oníbàárà.

Ohun tí ó mọ̀ ni ó kùn: ilà ojú ìyá, ojú ọ̀tún tí ó ti fọ́, ọwọ́ tí iṣẹ́ ti bó, àti páànù jíjẹrà lókè orí rẹ̀. Bámgbélú wò ó, ojú rẹ̀ le.

"Ìyàwó, ta nìyí?"

"Ìyá ni, sà."

"Ìyá mi kọ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mi ò tọ́jú rẹ̀ ni?" Ó fi ìka kan ọ̀dà náà; ó ṣì tutù, nítorí òróró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. "Ṣebí kò tíì gbẹ. Fi àkísà nu gbogbo ìyà yìí kúrò. Wọ̀ ọ́ ní léèsì, fi wúrà sí i lọ́rùn, kí o wá kun èmi náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó rẹ nìyí."

Fadérera wo owó, ó rántí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ó mú àkísà. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi ojú kan tó kù fún ìyá náà, ó dúró.

"Ẹ má bínú, sà, mi ò lè nù ún. Ojú yìí ló fi wọ̀nà fún yín títí ó fi kú."

Bámgbélú ti owó bọ àpò, ó lọ bá ọkùnrin tó máa ń kun ara lọ́rì fún un. Ìyẹn kò rí ìyá náà rí. Obìnrin arẹwà inú kàlẹ́ńdà kan ni ó wò kùn. Nígbà tó di ọjọ́ ogójì, àwọn tí wọ́n mọ bí òjò ṣe ń pa ìyá náà ń kúnlẹ̀ fún obìnrin kàlẹ́ńdà! "Ìyá jayé o! Ọmọ rere lo jẹ́, Bámgbélú!" N kò mọ èyí tó bí mi nínú jù, ẹni tó pa irọ́ ni, tàbí àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mìíràn ti ń sanwó sílẹ̀ fún akunlọ́rì kí ó bá wọn kun ìyá tiwọn náà.

Lọ́jọ́ ọjà, Fadérera gbé àwòrán tirẹ̀ lọ sọ́jà. Èrò pé lé e lórí. "Yéè! Ìyá nìyí gan-an!" Àwọn kan sunkún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní ta ni yóò rà á, wọ́n á bojú wẹ̀yìn wò bóyá èèyàn Bámgbélú rí wọn, wọ́n á sì yọ́ lọ. Ìyá Dúró, ọ̀rẹ́ olóògbé, nìkan ni ó dúró tì í títí ọjà fi tú.

"Ọmọ mi, òun nìyí," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi tí mo fẹ́ ẹ kò lówó, àwọn tó lówó kò sì fẹ́ ẹ."

Ọdún yí, Akíntáyọ̀ da ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì aya rẹ̀ sí ààtàn, obìnrin kàlẹ́ńdà sì ń rẹ́rìn-ín lára ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bámgbélú. Ohun tí ojú àwọn àgbà Ìgbó-Ọlà rí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ dòwe pé: òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.